Orin ẹlòmíràn tí a tún kọ: orúkọ ta ni kí n kọ sẹ́yìn páálí àwo?

GìtáÌbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ olórin wa fẹ́ gbé àwo tuntun jáde. Sídì la ó kọ́kọ́ ṣe fún àwọn tó ń pè wá sóde, lẹ́yìn náà a ó tẹ àwo dúdú ńlá díẹ̀ nílùú òyìnbó, torí àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè rẹ̀. Ìdajì orin inú rẹ̀ jẹ́ tiwa. Ìdajì yòókù, orin ẹlòmíràn la tún kọ lọ́nà tiwa: "Salome" ti I.K. Dairo, "Akiwowo" ti Babatunde Olatunji, "Sawale" ti Rex Lawson, "How Great Thou Art" tí èmi fúnra mi túmọ̀ sí Yorùbá, àti orin inú àlọ́ kan tí ìyá bàbá mi máa ń dá fún wa ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Ẹni tó ń ya páálí ní kí n kó ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Mo bá tú àwọn sídì ilé palẹ̀ kí n lè rí àpẹẹrẹ. Ohun tí mo rí ni orúkọ olórin, nọ́ńbà fóònù tí wọn ó fi pè é sóde, orúkọ pásítọ̀ bíi mẹ́fà, ọpẹ́ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ, àti ègún fún ẹni tó bá jí àwo náà tẹ̀. Ẹni tó ni orin gan-an kò síbẹ̀. Ṣé kí n kàn kọ "orin àtijọ́" sí gbogbo rẹ̀ ni? Bí mo bá sì dárúkọ wọn, ṣé ó parí síbẹ̀?

BàbáSitúdíò

Má dán an wò láti kọ "orin àtijọ́" sára orin tó ní bàbá.

Abẹ́ àkọlé orin kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ máa ń wà, nínú àkámọ́. Kì í ṣe ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àna yín. Gbé àwo Decca tàbí Philips àtijọ́ kan, wo bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀. Orúkọ gàdàgbà ni ti olórin. Orúkọ kékeré inú àkámọ́ ni ti ẹni tó ṣẹ̀dá orin. Nígbà míì ẹnì kan náà ni wọ́n, nígbà míì wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ti ń ṣìnà: ẹni tí wọ́n bá gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni wọ́n á gbé orin fún.

Ìràwọ̀Òde

Ẹ̀gbọ́n Gìtá, ẹ má fìyẹn da ara yín láàmú. Ẹ kọ "gbogbo ẹ̀tọ́ jẹ́ ti àwọn tó ni orin" sísàlẹ̀, ó tán. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é lórí YouTube nìyẹn. Ta ló ráyè gbé ẹgbẹ́ olórin Ìbàdàn lọ sí kóòtù?

Lọ́yàÀkúrẹ́

Àbúrò, gbólóhùn yẹn kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ pé orin náà ní olóhun, òun ò sì wá a lọ.

Nǹkan méjì lẹ ń dà pọ̀: dídárúkọ àti gbígba àyè. Òfin kópíráìtì Nàìjíríà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí ni ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ó fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n máa dárúkọ òun mọ́ iṣẹ́ òun. Ẹ̀tọ́ ti orúkọ yìí kò sí nínú ohun tó lè tà nígbà ayé rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ ti ta orin náà fún ilé iṣẹ́ kan, orúkọ rẹ̀ ṣì ní láti wà lórí rẹ̀.

Ti owó tún yàtọ̀. Kí ẹ tó tẹ orin ẹlòmíràn sórí sídì, ẹ ní láti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, tàbí àwọn ajogún rẹ̀, tàbí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó orin fún un. Ní Nàìjíríà níbí, MCSN ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, torí wọ́n ní ìwé àṣẹ láti máa gba owó orin fún àwọn tó ni ín, wọ́n sì wà nínú CISAC, ìyẹn àpapọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Bí orin kan kò bá sí lọ́dọ̀ wọn, ẹ ní kí wọ́n juwe ibi tó wà fún yín.

Ẹ̀tọ́ orin ń bá a lọ títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ kú. Rex Lawson kú ní 1971, ó di ìparí 2041. Dairo kú ní 1996, ó di ìparí 2066. Olatunji kú ní 2003, ó di ìparí 2073. Kò sí èyí tó ti di ti gbogbo ayé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀rù kan ti fúyẹ́ fún yín ṣá: ẹ̀yin fúnra yín lẹ lu ìlù tí ẹ sì kọrin, ẹ ò gé nǹkan kan nínú àwo àkọ́kọ́. Nítorí náà ẹ ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó gbé àwo Dairo jáde láyé ijọ́un. Bí ẹ bá yọ ohùn gangan rẹ̀ lò lásán, ọ̀rọ̀ á yí padà.

ÀǹtíPeckham

Ẹ ṣeun, sà. Kí n fi ti ẹ̀yìn odi kún un, torí GìtáÌbàdàn ní ìlú òyìnbó lòun ó ti tẹ àwo dúdú.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń tẹ àwo nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yúróòpù kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ yín bí ẹ kò bá mú ìwé àyè dání. Ní Ìlú Ọba, MCPS, ẹgbẹ́ tó ń fúnni láyè láti tẹ orin sórí àwo, ni wọ́n ń gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí àwọn tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá ń lò ni AP2. Ẹ ó kọ àkọlé orin kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o, àti bó ṣe gùn tó. Ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ ń ta àwo fún àwọn onísọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbà, wọn ó sì pín in fún gbogbo orin inú rẹ̀.

Èmi máa ń kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù náà ná, kí n tó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn páálí. Gbogbo ìdáhùn tí fọ́ọ̀mù ń fẹ́ náà ni páálí ń fẹ́. Bí o kò bá rí orúkọ kọ sí fọ́ọ̀mù, kí lo fẹ́ kọ sí páálí?

ỌmọAláwo

Inú mi dùn pé ẹ mú "Akiwowo". Ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì ni Olatunji, New York ló sì ti ṣe àwo Drums of Passion tó jáde ní 1960. Ní 1964, Serge Gainsbourg, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Faransé, gbé Gainsbourg Percussions jáde. Ẹ fi "Akiwowo" àti "New York USA" rẹ̀ gbọ́ tẹ̀lé ara wọn kí ẹ wá sọ fún mi. Agbè àti elégbè kan náà ni. Olatunji ń kí ọ̀gá rélùwéè, Gainsbourg ń ka àwọn ilé gogoro New York lẹ́sẹẹsẹ. "Joanna" inú àwo yẹn, "Kiyakiya" Olatunji ni. "Marabout", "Jin-Go-Lo-Ba" ni, orin kan náà tí Santana tún ṣe ní 1969 tó pè ní "Jingo". Nígbà tí àwo Gainsbourg jáde, kò sí orúkọ Olatunji níbì kankan lára rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn Gainsbourg á ní ìlù Áfíríkà ni, pé ta ló ni ìlù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò tún irú rẹ̀ ṣe fún un. Ẹ kọ orúkọ bàbá yẹn kó hàn ketekete.

Ìràwọ̀Òde

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ti Olatunji. Orin ìjọ ńkọ́? Inú ìwé orin ló wà, gbogbo ìjọ ló ń kọ ọ́. Ti Ọlọ́run nìyẹn, kò ní kópíráìtì.

ÌyáKwáyà

Ọmọ mi, ti Ọlọ́run ni ìyìn. Èèyàn ló jókòó kọ orin.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ orin ìjọ ti kúrò lábẹ́ òfin. "What a Friend We Have in Jesus": Joseph Scriven tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kú ní 1886, Charles Converse tó ṣe ohùn rẹ̀ kú ní 1918. Ẹ máa kọ ọ́ láìgba àyè. Àwọn orin Yorùbá ti Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti náà wà níbẹ̀. Ó ṣe àwo fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ó sì kú ní 1930, kò sí ẹni tó ń gba owó lórí ohun tó ṣẹ̀dá mọ́ láti 2001. Síbẹ̀, ẹ̀ka kwáyà wa kì í tẹ orin rẹ̀ sínú ètò ìsìn láìkọ orúkọ rẹ̀ sí i.

"How Great Thou Art" kò sí lára wọn. Àwọn èèyàn rò pé ó ti pẹ́ nítorí bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Carl Boberg, ọmọ Sweden, ló kọ ewì tó ti wá ní 1885, òun kú ní 1940, tirẹ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ ti míṣọ́nnárì Stuart Hine, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1949. Hine kú ní 1989. Ẹ bá mi fi àádọ́rin ọdún kún un: ìparí 2059.

Ẹ̀yin sì túmọ̀ rẹ̀, ìyẹn tún ju kíkọ lọ. Bí ẹ bá ti inú Gẹ̀ẹ́sì Hine túmọ̀ rẹ̀, àyè ìtumọ̀ lẹ ó gbà. Ìwé AP2 tí àbúrò mi Peckham sọ kò kárí ẹ.

ÀǹtíPeckham

Òótọ́ ni màmá sọ. AP2 kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti yí ọ̀rọ̀ orin padà. Ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ náà gan-an lẹ ó kọ̀wé sí, kí ẹ sì tètè ṣe é, wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n á ní kí ẹ fi ìtumọ̀ náà ránṣẹ́, kí ẹ sì tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn.

ỌmọHouston

Bákan náà ni lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà. Òfin wa ní, bí orin kan bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín, ẹlòmíràn lè tún un kọ láìtọrọ, kó sáà fi ìwé ránṣẹ́, kó sì san iye tí ìjọba là sílẹ̀. Àmọ́ kò gbọdọ̀ yí ìpìlẹ̀ orin padà, ìtumọ̀ sì ti kọjá ibẹ̀. Iye náà dúró sí sẹ́ǹtì 9.1 lórí orin kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀dà àwo kọ̀ọ̀kan láti 2006 di ìparí 2022, ó wá di sẹ́ǹtì 12 ní 2023, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin onígìtá Ibadan, ẹ fojú sí èyí: iye yẹn wà fún orin tí kò kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà á. Ẹ mọ bí ẹ ṣe ń fa orin gùn.

GìtáÌbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ ti rí wa. "Salome" tiwa gùn gan-an, orin mìíràn sì wọ inú rẹ̀ kó tó padà sí "Salome".

BàbáSitúdíò

Ah! O ò sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Bí àwọn oníjùjú ṣe ń ṣe nìyẹn, ojú àwo kan odindi, orin bíi mẹ́fà á ti wọnú ara wọn, àkọlé ẹyọ kan. Bí orin ẹlòmíràn bá wà nínú rẹ̀, kọ gbogbo wọn sábẹ́ àkọlé ní títò bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí o sì kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i. Kódà bó jẹ́ ẹsẹ méjì péré lẹ kọ.

ỌmọOnílù

Bàbá Sitúdíò, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí èèyàn kàn wo bébà àárín àwo kó sì gbà á gbọ́. Bàbá mi wà nínú ẹgbẹ́ àpàlà kan ní nǹkan bí ọdún 1970 lọ sókè. Àwọn àti onílù kejì ni wọ́n máa ń jókòó dá orin, wọ́n á gbé e fún ọ̀gá, ọ̀gá á kọ ọ́. Orúkọ ọ̀gá nìkan ló wà lórí gbogbo àwo tó wà nílé wa. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́: ẹni tó ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ọkọ̀ ló ni orin. Bí ẹnì kan bá tún orin yẹn kọ lónìí tó sì kọ orúkọ ọ̀gá nìkan, ó tún irọ́ náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni.

BàbáSitúdíò

Mo mọ irú rẹ̀, mo bá wọn jókòó. Bí o bá mọ òtítọ́, kọ orúkọ méjèèjì sínú àkámọ́.

Lọ́yàÀkúrẹ́

Rárá, sà. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe inú àkámọ́. Orúkọ inú àkámọ́ ló ń darí owó. Bí ẹ bá fi orúkọ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kún un, àwọn ajogún ọ̀gá á ní ẹ fẹ́ já ohun tí wọ́n jogún gbà, MCSN náà kò sì ní mọ èwo ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ fi orúkọ tó wà nínú ìforúkọsílẹ̀ síbẹ̀. Kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ tirẹ̀ nísàlẹ̀, ohun tí ẹ mọ̀ nìkan, pé lágbájá onílù wà nínú àwọn tó dá orin yìí gẹ́gẹ́ bí ẹbí rẹ̀ ṣe sọ fún wa. Bí ẹbí bá ní ẹ̀rí, ìwé tàbí ẹlẹ́rìí tó ṣì wà láyé, kí wọ́n gbé e lọ bá MCSN kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ náà ṣe.

ỌmọOnílù

Àwọn ẹlẹ́rìí ti ń kú tán, sà. Mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ni òfin yẹn ń gbè.

ỌmọAláwo

Ọ̀rọ̀ Solomon Linda, olórin ilẹ̀ South Africa, nìyẹn. Ó ṣe "Mbube" ní Johannesburg ní 1939, orin náà di "Wimoweh", ó tún di "The Lion Sleeps Tonight" ní 1961, ó yí gbogbo ayé ká. Ó kú ní 1962 láìní owó lọ́wọ́. 2006 ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá ilé iṣẹ́ tó ń gba owó rẹ̀ parí ẹjọ́. Àwọn tó gba owó láàárín ìgbà yẹn, gbogbo wọn ló ní àkọsílẹ̀.

GìtáÌbàdàn

Orin inú àlọ́ ìyá bàbá mi ńkọ́? Wọ́n ní kí n kọ "ìbílẹ̀" sí i, kí n sì kọ orúkọ tèmi pé èmi ni mo tò ó.

BàbáSitúdíò

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. "Orin ìbílẹ̀, ìtòjọ:" kí o wá fi orúkọ rẹ sí i. Owó rẹ̀ á máa wá bá ọ.

ÀǹtíPeckham

Owó ìtòjọ nìkan, bàbá. Orin fúnra rẹ̀ kò di tirẹ̀. Bí ẹlòmíràn láti Ìpetu bá kọ orin náà lọ́nà mìíràn, kò ní ohun tó máa sọ fún un.

Kó sì wádìí dáadáa. Paul Simon gbọ́ "El Cóndor Pasa" ó rò pé orin ìbílẹ̀ àwọn ará Andes ni, ó sì fi sínú àwo òun àti Garfunkel ní 1970. Daniel Alomía Robles ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Peru ní 1913. Ọmọ rẹ̀ pe ẹjọ́, wọ́n sì fi orúkọ Robles kún un. Orin tí màmá àgbà ń kọ lè ti inú àwo ẹnì kan wá, tàbí inú eré alárìnjó kan. Wọ́n gbọ́ rédíò náà láyé wọn.

Lọ́yàÀkúrẹ́

Bó bá jẹ́ ìbílẹ̀ lóòótọ́, òfin wa náà ní apá kan fún iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀. Ẹ sọ ibi tó ti wá. "Orin àlọ́ láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà" sàn ju "ìbílẹ̀" lásán lọ. Ẹ sì fi orúkọ ìyá àgbà sí i pé lẹ́nu wọn lẹ ti gbọ́ ọ.

Alákọsílẹ̀

Iṣẹ́ mi ni fífi orúkọ sí orin kí ó tó gorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Páálí dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní rí i. Spotify ní ibi tó ń fi ẹni tó kọ orin náà hàn, ohun tí ẹ bá sì kọ nígbà tí ẹ ń gbé orin sókè ni yóò hàn níbẹ̀. Mo ti rí orin Dairo tí wọ́n kọ orúkọ onígìtá kan, ọmọ àná, sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń gbé e sókè kàn ń tẹ "next".

Nọ́ńbà méjì ló wà. ISRC jẹ́ ti ohùn tí ẹ̀yin gbà sílẹ̀, tuntun lẹ ó gbà fún tiyín. ISWC jẹ́ ti orin náà fúnra rẹ̀, T ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ti àtijọ́ lẹ ó lò, ẹ má gba tuntun. Ẹ wá a lórí ISWCnet, àkójọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún Olatunji, ẹ wo Songview pẹ̀lú, àkójọ orúkọ àwọn tó ni orin; ASCAP àti BMI, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin ní Amẹ́ríkà, ló jọ ṣe é.

Ẹ wá orúkọ láìsí àmì ohùn, kí ẹ sì wá odindi orúkọ: Michael Babatunde Olatunji, Isaiah Kehinde Dairo, Erekosima Lawson. Lára páálí, ẹ fi àmì sí i bó ṣe wù yín. Nínú fọ́ọ̀mù, bí àkọsílẹ̀ bá ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́.

GìtáÌbàdàn

Ẹ ṣé púpọ̀. Ẹ wo ohun tí mo kó jọ, ẹ bá mi tún un ṣe:

2. Salome (Isaiah Kehinde Dairo). Dairo ló kọ́kọ́ gbé e jáde, 1962. Nínú rẹ̀: orin méjì ti ẹgbẹ́ wa.
4. Akiwowo (Babatunde Olatunji). Látinú àwo Drums of Passion, 1960.
5. Sawale (Rex Lawson).
7. How Great Thou Art. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Stuart K. Hine. Ìtumọ̀ Yorùbá: èmi.
9. Orin àlọ́ láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, lẹ́nu ìyá bàbá mi. Ìtòjọ: ẹgbẹ́ wa.

ÌyáKwáyà

Ìkeje kò tíì pé. Kọ "látinú ewì Carl Boberg" sí i, kí o sì kọ pé ohùn orin Sweden ni. Ìlà "a lò ó pẹ̀lú àṣẹ" á wá tẹ̀ lé e, ìyẹn lẹ́yìn tí ìwé wọn bá dé. Bí kò bá dé, yọ orin náà kúrò ní àwo yìí.

Alákọsílẹ̀

Ìkejì: ẹ kọ àkọlé orin méjì tiyín síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá wọn, kí wọ́n má baà kà wọ́n mọ́ ti Dairo kí owó yín lọ síbẹ̀.

ÀǹtíPeckham

Ẹ fi orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó orin kún ìkejì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Ẹ má tíì fún ayàwòrán ní páálí o, ẹ dúró de èsì MCSN ná. Bí "Sawale" bá gùn ju bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù lọ, ẹ tún iye ìṣẹ́jú rẹ̀ kọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.